Jẹ́ Kí Irin Sùn Ná

Ní Duluth, létí adágún tó tóbi bí òkun,
òtútù oṣù kìíní kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì wa ń bẹ̀rẹ̀.
Èmi ẹni ọdún méjìdínlógójì,
tí iléeṣẹ́ bébà ní kó máa lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún,
mo jókòó ti Brandt,
ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ àyè.
Pahoua wà níwájú, ó ti fi ọ̀rá bo ìwé rẹ̀
kí epo má bàa mu ún.

Toivo Kangas ni ọ̀gá wa.
Ìka àárín rẹ̀ kò dé òpin;
lẹ́ẹ̀tì kan ti gba ìyókù kí wọ́n tó bí mi.
Ìka kúkúrú yẹn ló fi ń kọ́ wa:
ó tì í bọ ihò sílíńdà, ó di ojú,
ó ní, "Ìlà kan wà níbí. Ẹ wá fọwọ́ kàn án."
A fọwọ́ kàn án. A ò bá nǹkan kan.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí ìka tèmi tó lajú.

Ẹgbẹ̀rún ọ̀nà ni wọ́n pín íńṣì kan sí níhìn-ín,
ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún náà sì tó dá ìjà sílẹ̀.
Mo fa fọ́nrán irun kan tu lórí mi,
mo fi maikirómítà wọ̀n ọ́n: mẹ́ta.
Mo rántí iye ìgbà tí mo ti sọ pé nǹkan kò ju bí irun lọ,
bí ẹni pé irun kéré.

Bàbá mi, Einar, fi ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀ dè mí,
àti ilẹ̀kùn àká tó fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ
gbogbo ọjọ́ tó pààrọ̀ epo sí, láti òkè wá sísàlẹ̀.
Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ èéfín búlúù,
àkọsílẹ̀ dúró.
Ẹni tó ń kọ ọ́ náà dúró.

Mo tú ẹ́ńjìnnì yẹn. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sùn
sẹ́yìn ọkọ̀ àbúrò mi, nínú yìnyín.
Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ mo gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù,
ó funfun bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà.
Kangas ní, "Jẹ́ kó sùn síbí. Irin tó tutù kì í sọ òótọ́."
Ó lọ dáhùn tẹlifóònù.
Mo wọ̀n ọ́n. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ.
Sílíńdà kìíní: ẹ̀rún irin ń já sílẹ̀
bí èérún búrẹ́dì tí wọ́n yan jù.
Iye tí mo fẹ́ gẹ́lẹ́ ló fún mi.
Inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, irin ti yá,
ó ti nara bí ẹni tó jí.
Ihò tó ṣe rẹ́gí lánàá ti fẹ̀
ní ẹyọ kan àti ààbọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún.
Ìlàjì irun.
Pístọ́ọ̀nù yóò máa gbọ̀n nínú rẹ̀
bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀.

Wọ́n ní ìkánjú òun sùúrù, ọgbọọgba ni.
Ẹni tó sọ ọ́ kò gbẹ́ sílíńdà rí.

Mo ń retí èébú. Kangas ti ìka bọ̀ ọ́, ó di ojú.
"Ta ló kọ́ ọ báyìí?"
"Ìwọ kọ́," ni mo wí.
Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹsàn-án.
Ó ní ọjọ́ tí lẹ́ẹ̀tì gba ìka òun,
aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni,
òun ń kánjú lọ jó.

Pahoua ló ní ká wọ̀ ọ́ lẹ́wù,
ẹ̀wù irin tín-ínrín.
Òtútù tó purọ́ fún mi náà la bẹ̀ níṣẹ́:
a gbé ẹ̀wù síta mọ́jú, ó súnkì;
a mú búlọ́ọ̀kù gbóná; ó yọ́ wọlé, kò sọ̀rọ̀,
títí ooru fi pa àwọn méjèèjì pọ̀
tí èékánná ò rí àyè láàárín wọn.

Sílíńdà kejì, mo dúró dè é. Ẹ̀kẹta, mo dúró.
Brandt ní mo dà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.
Àyè ìlà mẹ́rin ló kù nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àká.
Mo ti gbẹ́ pẹ́ńsù lẹ́nu.
Mi ò tíì kọ nǹkan kan.
Ó di ọ̀la, bí irin bá yá.